Àyọkà Kì Í Ṣe Oyè: Ọ̀rọ̀ Lórí Àpéjọ Eré àti Ìwé Ìmọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ síbí. Ẹ má bínú, àìráyè ni. Lónìí, ìjà ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìjà àdá, ìjà ẹnu ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá mi jà á, kí ó fara balẹ̀ kà á dé òpin ná.

Àwa mélòó kan tí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jẹ lógún ni a jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó yẹ kí a kọ sínú Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí tẹrú-tọmọ lè kà, tí tẹrú-tọmọ sì lè kọ nǹkan sí. Mo dá a lábàá pé kí a kọ àyọkà kan tí ó gúnrégé lórí Gen Con, àpéjọ tí àwọn tí ó fẹ́ràn eré orí tábìlì ń ṣe lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí ìmọ̀ rẹ̀ nípa oríkì kò kéré, dá mi lóhùn pé: “Àpéjọ àwọn tí ń ju dáìsì? Ọ̀pọ̀ ọba wa ni kò tíì ní àyọkà, ẹ wá fẹ́ kọ ti àwọn àgbàlagbà tí ń ṣe bí ọmọdé?” Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn fi kún un pé ìwé ìmọ̀ kì í ṣe ààtàn tí a ń da gbogbo nǹkan sí.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìdí tí n kò fi rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ohun tí ó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n rò pé bí ìgbà tí a bá ń fi ènìyàn joyè ni kí a kọ àyọkà lórí nǹkan. Wọn á wo nǹkan náà sókè, wọn á wò ó sílẹ̀, wọn á bi ara wọn léèrè bóyá ó níyì tó, bóyá ó bá ìwà ọmọlúàbí mu, bóyá àwọn baba wa yóò fọwọ́ sí i. Bí ó bá níyì, ẹ wé lawàní fún un. Bí kò bá níyì, ẹ lé e jáde láàfin. Àyọkà kì í ṣe oyè. Òfin tí àwọn tí ń kọ Wikipedia ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ kò bèèrè ọ̀rọ̀ iyì rárá. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé: ta ni ó ti jẹ́rìí sí nǹkan yìí? Ǹjẹ́ àwọn tí kò sí lára rẹ̀, tí wọn kò jẹ nínú èrè rẹ̀, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ibi tí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tí ohun tí wọ́n kọ sì kún tó láti fi hun àyọkà? Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, a lè kọ ọ́. Bí kò bá sí, kí a dúró ná. Òótọ́ ni pé Wikipedia èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin ara rẹ̀, kò sì di dandan kí Yorùbá gba ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ fi òmíràn tí ó sàn jù ú lọ hàn mí. Àwọn àgbà wa ti mọ ìdí rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó bí Wikipedia ní ọdún 2001: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé Gen Con sórí ìwọ̀n náà.

Ní ọdún 1968, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gary Gygax, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, fi 50 dọ́là háyà gbọ̀ngàn kan ní ìlú kékeré tí ń jẹ́ Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ní ọdún tí ó ṣáájú, inú ilé Gygax fúnra rẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pàdé. Eré ogun orí tábìlì ni wọ́n ń ṣe: wọn á to àwọn ọmọ-ogun kéékèèké sórí tábìlì, wọn á fi ọ̀pá wọn ibi tí ẹgbẹ́ ogun lè rìn dé, wọn á sì ju dáìsì láti mọ ẹni tí ó ṣubú àti ẹni tí ó là á já. Orúkọ tí wọ́n fún àpéjọ náà, orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni. “Gen” jáde láti inú orúkọ ìlú Lake Geneva, ṣùgbọ́n ó tún ń tọ́ka sí àwọn àdéhùn Geneva tí ó de àwọn orílẹ̀-èdè lójú ogun. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dénú kò ní ṣàì gbádùn irú àfọwọ́fà ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àpéjọ ọdún 1969, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Minnesota, Dave Arneson, pàdé Gygax. Ìpàdé yẹn ni ẹ jọ̀wọ́ kí ẹ dúró wò dáadáa. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1974, àwọn méjèèjì gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ilé Gygax ni wọ́n sì ti fọwọ́ to ìwé rẹ̀ sínú páálí. Nínú eré yìí, a kò darí ẹgbẹ́ ogun mọ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan di ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo, ó ní agbára tirẹ̀, ó ní àìlera tirẹ̀, ẹnì kan nínú wọn a sì máa pa ìtàn, a máa ṣe ìdájọ́, a máa sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ṣí. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ti ń borí ewu, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ní ìrírí, tí yóò máa gòkè láti ipele kan dé òmíràn. Ọmọ tí ó jókòó sí Ìbàdàn lónìí tí ó ń fi fóònù ṣe eré, tí akọni rẹ̀ ń lágbára sí i bí ó ṣe ń gbèrú ní ipele, ohun tí àwọn ọkùnrin méjì yìí dá sílẹ̀ ni ó ń jẹ nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí. Bí a bá wá ń bèèrè ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, àpéjọ àwọn tí ń ju dáìsì ni.

Èmi kọ́ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ láti fi yin ẹnikẹ́ni. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jon Peterson kọ odidi ìwé gbàǹgbà lórí ìtàn eré ogun àti eré ẹ̀dá ìtàn, Playing at the World, tí ó jáde ní ọdún 2012. Inú rẹ̀ ni ó ti tú àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké tí àwọn eléré ìgbà náà ń tẹ̀ fún ara wọn wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ̀rí nìyẹn. Ẹni tí ó jẹ́ ẹ kò sí nínú gbọ̀ngàn náà ní 1968, kò sì jẹ nínú owó ìwọlé.

Àpéjọ náà kò dúró sí Lake Geneva. Ó kó lọ sí Milwaukee ní ọdún 1985, ó sì kó lọ sí Indianapolis ní ọdún 2003. Ní ọdún 2023, iye àwọn tí ó wá lé ní 70,000. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iye ènìyàn tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán kò ní sọ nǹkan di ohun àkọsílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí ọjà lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ó kọ ọ́.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn nǹkan tí ojú-ìwé àwọn olùṣètò kò ní fi ṣe ìpolówó láéláé. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Lucasfilm, àwọn tí ó ni fíìmù Star Wars, pe ilé-iṣẹ́ Gen Con lẹ́jọ́ lórí owó tí wọ́n ní a pa níbi títa-ní-gbàǹjo tí a ṣe fún iṣẹ́ àánú. Ní oṣù kejì ọdún náà, Gen Con sá wọ abẹ́ òfin tí ó ń dáàbò bo onígbèsè ní Amẹ́ríkà, kò sì jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí di ọdún 2009. Ta ni yóò sọ èyí fún ẹni tí ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì? Olùṣètò? Ẹ̀rín ni yóò pa yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2015 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí gómìnà Indiana ìgbà náà, Mike Pence, fẹ́ fọwọ́ sí òfin òmìnira ẹ̀sìn tí àwọn kan sọ pé yóò jẹ́ kí olókòwò lè lé àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá àgbà Gen Con, Adrian Swartout, kọ lẹ́tà sí i pé òfin náà yóò kan ìpinnu àwọn lórí bóyá àwọn yóò máa wá sí ìpínlẹ̀ náà. Gómìnà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹrin tó tó ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí i, nítorí pé kì í ṣe Gen Con nìkan ni ó pariwo. Ohunkóhun tí o bá gbà gbọ́ nípa òfin náà, ìwọ sọ fún mi: ṣé ohun tí gómìnà ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a ó pè ní ọ̀rọ̀ ọmọdé?

Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí E3, àpéjọ eré fídíò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1995. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni gbogbo ayé eré fídíò ń kọjú sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn tí ó ni ín kéde pé ó ti parí pátápátá. Bí olówó bá kógbá sílé, ta ni yóò máa tọ́jú ìtàn? Ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ “eré ni”. Èyí gan-an ni ó dùn mí jù, nítorí pé ẹnu ọmọ Yorùbá ni ó ti jáde. Àwa tí a ní ayò ọlọ́pọ́n! Ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, àti ìṣirò tí ó ń lọ nínú orí àgbàlagbà kan tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí kò mọ̀wé kà, tí ó sì mọ iye ọmọ tí ó wà nínú odù alátakò rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. A fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta lórúkọ, a pè é ní ọ̀ta. A fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lórúkọ, a pè é ní ọ̀pẹ. Nígbà tí Wellington Jighere gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní ọdún 2015, n kò rántí ẹni tí ó sọ pé eré ọmọdé ni. Gbogbo Nàìjíríà ni ó ń pín nínú ògo náà. Ìgbà wo ni eré wá di ohun ìtìjú? Àfi bí ó bá jẹ́ pé eré tí a kò mọ̀ ni à ń tijú rẹ̀.

Ẹ sì lọ wo Wikipedia èdè Yorùbá fúnra yín. Ọ̀pọ̀ àyọkà tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì lórí òkúta kan tí ń yí oòrùn po ní òfuurufú lọ́hùn-ún: nọ́ńbà òkúta náà, orúkọ rẹ̀, ó tán. Ẹnikẹ́ni kò bú sẹ́rìn-ín sí wọn. N kò ní kí a pa wọ́n rẹ́, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ rí wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba òkúta tí kò sí ẹni tí ó lè dé ibẹ̀ láàyè, tí ó wá ń lé àpéjọ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń pàdé láti ọdún 1968 jáde, kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Kí ó má sọ “iyì”.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́yìn: “Nígbà náà, àpéjọ eré wa tí a ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dún tó kọjá náà yẹ fún àyọkà.” Rárá o. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Ẹ mú ẹ̀rí yín wá kí a wò ó. Ojú-ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, ojú-ìwé ẹni tí ó bá yín ta tíkẹ́ẹ̀tì, àti ìwé ọ̀rẹ́ yín tí ẹ fún ní ìjókòó iwájú. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo àpéjọ ni ó ń pe ara rẹ̀ ní èyí tí ó tóbi jù. Nígbà tí ẹnì kan bá dá a lábàá pé kí a yọ irú àyọkà bẹ́ẹ̀ kúrò ní Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ méje ni a fi ń jíròrò rẹ̀, àwọn olùfẹ́ àpéjọ a sì máa ya wọlé bí omi òjò, oníkálukú a máa pariwo pé “Mo wà níbẹ̀, ó dùn púpọ̀!” Ìbò kọ́. Adùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ó ń parí ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ ka orí. Ìdí tí a mú wá ni ó ń wọ̀n.

Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ rọra. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, Jimmy Wales, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Wikipedia sílẹ̀, kọ àyọkà kúkurú kan lórí Mzoli’s, ilé ẹran yíyan kan ní Gugulethu, lẹ́bàá Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Kí ìdajì wákàtí tó pé, wọ́n ti pa á rẹ́. Ẹni tí ó pa á rẹ́ kò rí ìdí tí ilé alásun kan ní Áfíríkà fi yẹ nínú ìwé ìmọ̀. Àwọn ẹlòmíràn dìde, wọ́n wá inú ìwé ìròyìn lọ, wọ́n bá ẹ̀rí níbẹ̀, àyọkà náà sì dúró. Ẹ̀rí náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Wọn kò kàn wá a ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n kọ àkọsílẹ̀ kan lórí Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ará Kánádà, wọ́n ní ẹ̀rí tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò níyì ní oṣù karùn-ún. Ẹni tí yóò kọ̀wé nípa rẹ̀ ni kò tíì pọ̀. Ẹ ò rí i bí oyè àti àyọkà ṣe jìnnà sí ara wọn?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá kan ilé wa. Ayò fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí: H. J. R. Murray kọ nípa àwọn eré irú rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí eré ọpọ́n ní ọdún 1952, A. O. Odeleye sì kọ odidi ìwé lórí ayò ní Ìbàdàn ní ọdún 1977. Àmọ́ ìdíje ayò ńkọ́? Ẹ ka ìròyìn ìdíje ayò kan kí ẹ wá sọ fún mi. Ẹ óò rí orúkọ kọmíṣọ́nnà tí ó ṣí i, orúkọ aṣojú ọba, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó fi owó sílẹ̀, àti bí alága ṣe rọ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má gbàgbé àṣà. Ọ̀ta tí ó borí kò ní orúkọ. Bí ó ṣe borí, odù tí ó kó, àṣìta tí ó pa ẹnì kejì rẹ̀, kò sí. Àwọn eléré Wisconsin tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi rẹ́rìn-ín kọ ẹni tí ó bá ẹni ta, òfin tí wọ́n lò, àti àríyànjiyàn tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé, wọ́n sì pín in. Ìdí nìyẹn tí òpìtàn fi rí nǹkan tú wò lẹ́yìn ogójì ọdún.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọlé. Ní ọdún 2011, iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní People are Knowledge gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà lórí àwọn nǹkan tí kò sí nínú ìwé, títí kan àwọn eré ìbílẹ̀, kí Wikipedia lè fi ṣe ẹ̀rí. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á wọlé. Mo bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀bẹ̀ pé kí a sọ ìlẹ̀kùn di gbayawu fún “wọ́n sọ fún mi”. Ohun tí mo fẹ́ ni kí a gba ohùn ọ̀ta sílẹ̀, kí a gba ti alátakò rẹ̀ náà, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí orúkọ olóòtú wà lórí rẹ̀. Ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ yẹn bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbà inú wa ń kọ́ ọmọdé pé ẹni tí ó bá kọ̀wé nípa eré ń fi àkókò ṣòfò? Ẹ̀rín tí wọ́n rín sí Gen Con lọ́jọ́ yẹn, etí ọ̀dọ́ kan tí ó wà níjòókòó ni ó bọ́ sí. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ti ń ya àwòrán àwọn tí ń ta ayò ní àdúgbò rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ àyọkà náà. Mo ti kọ ti ọdún 1968 àti ti 1969, mo sì ti dé ibi ẹjọ́ ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ kan ni ó dá mi dúró: orúkọ ẹni tí ń pa ìtàn nínú eré Dungeons & Dragons, tí ó tún ń ṣe adájọ́ láàárín àwọn tí ń ṣe é, tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo rò ó sí “apàlọ́”, ṣùgbọ́n kò ní ìdájọ́ nínú. Mo rò ó sí “onílàjà”, kò ní ìtàn nínú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi wá a. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, tí oríkì kún ẹnu yín, mo ń retí tiyín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.